Màmá Kí-ló-fà-á, Ẹni Tó Fi Ayé Wọn Wádìí Ọkọ̀ Tó Ń Tọ́jọ́ Jù Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ẹ lè wá bá ẹbí yìí kẹ́dùn, a kí yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ká ní ìyá tí a ń sin lónìí wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń wọlé ni, wọn ì bá ti bi yín léèrè irú ọkọ̀ tí ẹ gbé wá, iye ọdún tó ti lò lọ́wọ́ yín, àti ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ ò sì ní ríbi sá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn wọn.

Ọdún 1947 ni a bí Màmá, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá wọn ń rán tìmùtìmù àga. Àkọ́bí ni Màmá. Ìyá wọn a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé bí táyà bá bẹ́, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá bú sẹ́kún, ọmọ tòun yóò rákò lọ síbẹ̀ ni, yóò máa fi ìka wá ihò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, "Kí ló fà á?" ló gba ẹnu wọn kan. Bàbá wọn fi pè wọ́n, àdúgbò gbà á lẹ́nu bàbá, orúkọ tí àwọn òbí sọ wọ́n gan-an wá di ohun tí à ń rántí nígbà tí wọ́n bá ń ṣàìsàn nìkan.

Ọdún 1954 ni wọ́n mú wọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ń kọ́ wọn nípa òjò. Màmá béèrè ọ̀kan, wọ́n béèrè èkejì, nígbà tó sú olùkọ́, ó ní kí wọ́n kúkú lọ bi òjò fúnra rẹ̀. Màmá dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n jáde, wọ́n lọ dúró sínú òjò tó ń rọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò ṣàfojúdi o, wọ́n rò pé olùkọ́ ń júwe ibi tí ìdáhùn wà ni.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ò pẹ́. Ní ọdún 1960, ìyá wọn kú, ó sì fi ọmọkùnrin kan tí kò tíì lè dá rìn sílẹ̀. Ọwọ́ Màmá ni ó fà á lé kí ó tó dákẹ́. Màmá, tí àwọn fúnra wọn ṣì jẹ́ ọmọdé, pọ̀n ọ́n, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ni ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí Dérébà. Ẹ wò ó níbi tó jókòó sí yẹn, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń wo òun.

Ọdún 1969 ni Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀ àlòkù. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀ to ara wọn sí apá òsì, rédíétọ̀ wà lápá ọ̀tún, àwọn iná iwájú so rọ̀ lókè bí ojú tó ń wo ẹni. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kò sí páàtì fún ẹni tí kò bá mú èyí tó bàjẹ́ dání wá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tà á. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, kí wọ́n mọ ibi tó ti kọ́kọ́ fà ya. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á ni èèyàn fi ń ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí páàtì bá ti kú, kò mọ irọ́ pa.

Inú ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni ọkọ ti yọ. Ọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ gbé iná iwájú kan padà wá, ó ń bínú burúkú, ó ní gbájúẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun. Màmá gba iná náà, wọ́n bi í bó ṣe dè é, wọ́n bi í bí ọ̀nà ilé rẹ̀ ṣe rí, wọ́n bi í bóyá ó máa ń wakọ̀ kọjá inú omi. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbàgbé pé ìjà ni òun bá wá. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1973. Títí di òní ni bàbá ń sọ pé iná yẹn kò tàn rí, pé òun kàn fi àlàáfíà dá a padà sórí àtẹ ni.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, Màmá kì í pe ilé iṣẹ́ kankan tó ń ṣe ọkọ̀ lórúkọ. Wọ́n ní àwọn yẹn náà ò mọ orúkọ àwọn. Orúkọ tí wọ́n fún ọkọ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń pè. Èyí tó pọ̀ jù lójú pópó, tí àwọn onímọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ fẹ́ràn, wọ́n pè é ní Aláriwo, nítorí ó máa ń kígbe bí ó bá ń gun òkè. Èyí tó lọ́ra, tí kì í sì í ṣàròyé, wọ́n pè é ní Onísùúrù. Ọ̀kan wà tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹnjìnnì rẹ̀ kì í dún ketekete. Ìyẹn ni wọ́n pè ní Afínjú.

Ojoojúmọ́ ni àwọn oní-Aláriwo ń wá ra páàtì. Bíréèkì lónìí, rédíétọ̀ lọ́la. Àwọn oní-Onísùúrù ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí oní-Afínjú kan tó tẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà rí. Màmá wá fi òye tiwọn gbé e yẹ̀ wò: ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ló fẹ́ wá ṣe nílé ìwòsàn? Wọ́n gbà pé Afínjú kì í bàjẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi gbogbo, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ní ọdún 1988, Dérébà, tó ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti ìgbà èwe, kó gbogbo ohun tó ní jọ láti ra tirẹ̀. Ta ni yóò bi bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà? Màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Afínjú ni kí o rà, kí o sì máa sùn dáadáa." Ó rà á. Ó fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó fọ̀ ọ́ lálẹ́. Ọdún ò tíì yí po tí jíà fi kú sójú ọ̀nà, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Màmá wá jíà náà dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì. Kò sí. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n rí tó jọ ọ́, kò wọlé. Ọkọ̀ náà dúró ti ògiri ilé Dérébà títí koríko fi bá a dọ́gba, ọkùnrin náà sì padà sídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, níbi tí ọ̀gá tí kò tó o lọ́jọ́ orí ti ń pariwo mọ́ ọn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n rà á," ó sì lọ. Ọdún méje ni kò fi bá Màmá sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà wá gbọ́, ọdún méje yẹn burú. Màmá a máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ lóde, wọn a sáré yọjú. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, yóò wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, yóò wo ẹ̀yìn. Màmá wo ẹ̀yìn. Kí ló fà á? Bí Afínjú bá ń bàjẹ́, níbo ni àwọn tó ti bàjẹ́ wà? Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn àdúgbò kiri, wọ́n ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé onílé bí ẹni tó sọ ewúrẹ́ nù. Ajá lé wọn rí. Ibẹ̀ sì ni Afínjú wà lóòótọ́, lábẹ́ tapólì, lẹ́yìn ilé, adìẹ ń yé ẹyin sínú ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni èyí tí adìẹ ń yé sí. Màmá bi í pé kí ló dé tí kò fi wá ra páàtì. Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ni kí n gbé e lọ bá? Ṣé ẹ̀yin ní páàtì rẹ̀ ni? Nígbà tí mo mọ̀ pé kò sí, mo jókòó sílé mi." Ìgbà náà ni ó yé Màmá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ka Aláriwo sí olókùnrùn, ẹni tó ṣì ń rìn ni, tó ń wá oògùn kí ó lè máa rìn lọ. Afínjú kò dé ilé ìwòsàn, nítorí ilé ni ó ń kú sí. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn nọ́ọ̀sì náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìyẹn dájú, àmọ́ ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ti ń bi.

Láti ìgbà náà ni ìwádìí wọn ti yí padà. Wọn kì í bi ọlọ́kọ̀ mọ́ pé ṣé ọkọ̀ rẹ dára, nítorí ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbèjà rẹ̀ bí ọmọ. Wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ló fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé kẹ́yìn. Wọ́n rí i pé Aláriwo tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ-ọmọ. Wọ́n rí i pé Onísùúrù kan lè le bí irin, kí èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún kejì jẹ́ páńda. Ohun tí wọ́n bá rí kì í tó wọn. Ìdáhùn kan a bí ìbéèrè mẹ́ta, inú wọn a sì máa dùn.

Ní ọdún 1995, Dérébà wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún fẹ́ ra ọkọ̀. Èwo ni kí n rà?" Màmá, tí ìdáhùn kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n tún ní, "Ṣé kí àwa méjèèjì jọ lọ béèrè?" Wọ́n jọ lọ. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó ra Onísùúrù kan tí ó ti gbó, ọkọ̀ náà sì bọ́ ilé Dérébà yó. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣíwọ́. Sátidé dé, fèrè á dún lóde, Màmá á ti wọ bàtà.

Nílé àdúrà, ẹ̀yìn ni Màmá máa ń jókòó sí. Nígbà kan tí àwọn èèyàn ń jẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi oníwàásù léèrè lẹ́yìn ìsìn pé, "Àwọn tí tiwọn ò tíì dáa ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń dìde jẹ́rìí?" Oníwàásù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó wá kan ilẹ̀kùn Màmá. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àwọn tí kò wá mọ́. Ọ̀pọ̀ yín tó wà níbí lónìí, Màmá ló wá yín rí. Ẹgbẹ́ awakọ̀ náà máa ń pè wọ́n láti gba àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ nímọ̀ràn. Màmá a ní, "Ẹ gbọ́ tèmi o, kí ẹ tún lọ bi ẹni tí kò sí níbí."

Àwọn ọmọ wọn mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí Màmá ò jẹ́ béèrè. Nínú gbogbo Sátidé yẹn, Dérébà ò dárúkọ Afínjú, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ọdún méje. Màmá ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì wọ́n, àbí ó kàn ń gbé wọn kiri nítorí pé wọ́n pọ̀n ọ́n. Ọmọ wọn obìnrin ní kí wọ́n bi í. Màmá yí ojú sí ògiri. "Gbogbo nǹkan láyé ni mo fẹ́ mọ̀. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ní ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Dérébà ń gbé ọkọ̀ síwájú ilé onílé, Màmá á jókòó sínú rẹ̀, Dérébà á lọ béèrè, á wá rò fún wọn lójú fèrèsé. Bí ìdáhùn bá ta ko ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, wọn a pàtẹ́wọ́. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́.

Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀ sáyé, àti àbúrò kan, Dérébà. Ọmọ mẹ́ta: olùkọ́, oníṣòwò páàtì tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, àti aránṣọ. Pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí ìbéèrè wọn ń dá àwọn olùkọ́ lágara.

Nígbà tí ẹbí jókòó láti kọ ìwé yìí, Dérébà wọlé, ó dúró, ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ kí a kọ síbẹ̀, pé òun ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun bi òun ni, wọn ò bi òun. Ó ní kí a kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ni ìbínú mi ti tán."

Màmá Kí-ló-fà-á, ẹ ti gbọ́ o. Ẹ sinmi, ìyá wa. Ẹ sùn re o.