Ọ̀rọ̀ Dídùn Yẹn, Èmi Ni Mo Kọ Ọ́

Yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú yín? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ibà tó dá ọ gúnlẹ̀ lóṣù tó kọjá má ṣe padà wá bẹ̀ ọ́ wò. Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́ àtimáa tú fíríìjì onífíríìjì kalẹ̀ sí pálọ̀ mi. Èmi ni ara mi kò yá díẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. Ìríra ni. Láti ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ ti wá jẹun nílé wa ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa.

Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú. Nígbà tí mo tún pè ọ́ lánàá, o ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀,” o sì gé fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà. Ẹnu mi le, ìwọ náà mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, èébú ni yóò dà. Ọwọ́ mi ní sùúrù jù ú lọ. Ìgbéyàwó yín kò jìnnà mọ́, n kò sì fẹ́ kí o wọ inú rẹ̀ láìgbọ́ ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlàjì péré lo gbọ́.

O mọ iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fi tọ́ ọ. Nínú yàrá yìí, láàárín aṣọ tútù tí mo sá sórí okùn, ni mo ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọge arẹwà pàdé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, nígbà tí ìwọ wà lẹ́yìn mi tí ò ń fa irun mi, tí ọbẹ̀ sì ń jóná lórí iná. Tí mo bá ti so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ti mọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ìwọ ọmọ kékeré á wá dúró síta, wàá fi ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, wàá ní, “Mọ́mì, ṣé wọ́n ti fẹ́ra wọn, ká lè jẹun?” Bàbá rẹ ṣì ń bi mí bẹ́ẹ̀ di òní olónìí tí ebi bá ń pa á.

Ẹ̀yìn bébà èyíkéyìí tó bá wà nítòsí ni mo máa ń kọ ọ́ sí nígbà náà. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ lọ sí ilé ìwé, tí tíṣà sì kà á sókè ní kíláàsì pé “ó fà á mọ́ àyà, èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já,” ni o búra pé o kò ní ka ìwé mi láéláé. N kò bá ọ jà sí i. Orúkọ méjì tí kì í ṣe tèmi ni mo ń lò lára èèpo ìwé, ọ̀kan fún àwọn ìwé àtijọ́, ọ̀kan fún ti ìsinsìnyí, kí ojú má baà máa tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Nítorí náà, àfẹ́sọ́nà rẹ kò mọ ilé ẹni tó wọ̀. Lójú tirẹ̀, ìyàwó ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe lásán ni mí, tó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá aṣọ sísá.

Ohun kan wà tí o kò mọ̀, torí nígbà tí o bá wà ní ilé ìwé ni a máa ń ṣe é. Bàbá rẹ ni ó máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí mi létí bí mo bá ń lọ aṣọ. Ohùn tí èèyàn fi ń ka ìkìlọ̀ ara ògiri, “Ẹ má tọ̀ síbí,” ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Gbólóhùn tó bá yè bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yè nìyẹn. Èyí tó bá kú síbẹ̀, màá pa á rẹ́. Àmì àtàńpàkò rẹ̀ tó kún fún gírísì wà lára gbogbo ojú ewé tí mo kọ, àyàfi ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan sí mi rí láyé yìí, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo tèmi lórí.

Wàyí o, ẹ̀yin méjèèjì wá jẹun. Ọmọkùnrin náà wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán, ó bá mi gbé abọ́, ó gbóríyìn fún bàbá rẹ. Ẹni tó bá ń ta mọ́tò ní láti mọ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Nígbà tí a jẹun tán, ó dìde, ó gbé ife sókè, ó kọjú sí ọ, ó ní, “Kí n tó mọ̀ ọ́, ojú ara mi ni mo fi ń wo ayé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ojú rẹ ni mo fi ń ríran. Ọjọ́ tí o bá sì dì í…” Ó dánu dúró díẹ̀ kí ó lè wọ̀ wá lára. Bàbá rẹ, tó ń fi igi tayín, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ohùn “Ẹ má tọ̀ síbí” yẹn náà ló fi parí rẹ̀: “…kí ilẹ̀ ayé mi ṣú.”

Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. O pàtẹ́wọ́, o ní, “Dádì! Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà kì í kẹ̀rẹ̀, pé Dádì ti rí ohun tó wà lọ́kàn òun. Èmi kó abọ́, mo wọ ilé ìdáná, mo dúró sídìí ẹ̀rọ omi, mo ń fọ abọ́ kan náà lọ́tùn-ún lósì. Bàbá rẹ tẹ̀ lé mi. Ó ní, “Ìwọ lo ni ín, àbí?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé yẹn?” Mo wò ó lójú, ó sì rántí. Ó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà.

Jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ mi fún ọ. Ọ̀rọ̀ dídùn, ẹlẹ́tàn ni a máa ń kó o fún. Kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, kí ni à bá tún fún un? Ẹni tó bá fẹ́ràn obìnrin dénú, iṣẹ́ ni a máa ń fún un ṣe: a ó ní kó gbé ẹrù, a ó ní kó dúró nínú òjò, a ó ní kó tún òrùlé ìyá ọmọbìnrin náà ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn nínú ìwé mi, òpùrọ́ paraku ni. Obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́ fún, ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ń fọṣọ fún ìyá rẹ̀. Mo jókòó, mo dìídì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí òǹkàwé tó lójú inú lè fura. Àfẹ́sọ́nà rẹ kà á, kò fura. Ó ní èyí dára, ó sì mú un. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú odidi ìwé, òpùrọ́ ló rí tó wù ú láti jọ. Ó kó mi nírìíra.

Ìyẹn ni mo ṣe fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ, tí mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. O bi í léèrè. O kò sọ ẹni tó kọ ọ́, ojú ń tì ọ́ síbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú ìwé lòun ti rí i, kí ló burú níbẹ̀, ṣé gbogbo ẹni tó ń kọrin ló ni orin ni? O gbà fún un. Lánàá o wá sọ fún mi pé, “Mọ́mì, mo ka ìwé yín dópin. Ọkùnrin náà yí padà níkẹyìn. Ó sunkún, ó fẹ́ ọmọbìnrin náà, wọ́n sì jọ gbé dọjọ́ alẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.” Ìwé mi àkọ́kọ́ tí o máa kà láyé rẹ, ohun tí o rí mú níbẹ̀ nìyẹn! Lẹ́yìn tí o gé fóònù, mo wo gbogbo ìwé tí mo tò sórí pákó, mo sì tutọ́ sílẹ̀ nínú yàrá tí èmi fúnra mi ń gbá. Tùẹ̀!

Ìparí yẹn, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, inú mi kò sí níbẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ọjọ́ tí bàbá rẹ kà á fún mi ni ohùn ìkìlọ̀ ara ògiri yẹn já fún ìgbà àkọ́kọ́. Báyìí ló lọ. Wọ́n ti fẹ́ra wọn. Ibà mú ọmọbìnrin náà, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún un bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán nínú ibà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dùn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà dìde fúnra rẹ̀, ó di ògiri mú dé ilé ìdáná, ó bu omi, ó mu ún, ó fọ ife, ó dojú ife délẹ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí.

Olóòtú tó ń bójú tó ìwé mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní tíì nínú ife tí wọ́n ya ọkàn pupa sí lára. Ó ní òǹkàwé kì í ra ife omi, ìgbéyàwó ni wọ́n ń rà. Ó ní kí n jẹ́ kí ọkùnrin náà ronú pìwà dà. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Mo padà wálé, mo so aṣọ pupa mọ́ ilẹ̀kùn, mo mú òpùrọ́ náà kúnlẹ̀, mo mú un sunkún. Bàbá rẹ kọ̀, kò kà á sókè. Ó ní ẹnu òun kò gbà á. Ojú ewé yẹn nìkan ni kò sí àmì gírísì lára rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Òun náà ni ìwé mi tó tà jù, tí mo bá sì rí i lọ́wọ́ èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, apá ibòmíràn ni mo máa ń wò.

Ó dáa, èmi náà fẹ́ bi ọ́ léèrè. Nígbà tí ibà dá ọ gúnlẹ̀, o fi àwọn ọ̀rọ̀ tí àfẹ́sọ́nà rẹ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ hàn mí. Orí rẹ gbóná fòò, ṣùgbọ́n inú rẹ ń dùn. Mo kà á, mo ní ọmọ yìí mà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ilé rẹ̀ kò ju kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn dé tìrẹ lọ. Ta ló gbé omi fún ọ? Bàbá rẹ ni, tòun ti orúnkún rẹ̀, tó gun àtẹ̀gùn ilé yín lọ sókè. Kò sọ nǹkan kan nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, àfi pé fíríìjì rẹ ń pariwo, ó sì jókòó tì í títí tó fi dákẹ́.

N kò sọ pé kí o má fẹ́ ẹ. Ìwọ lò ń fi awò sójú àwọn tí kò ríran, ta ni èmi tí màá wá máa júwe nǹkan fún ọ? Tí o bá ní òun náà ni, màá wọ aṣọ mi tó dára jù, màá jókòó níwájú, n kò sì ní fajú ro. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ. Ní kí ó sọ gbólóhùn kan fún ọ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kó wọ́, kó ta kókó, kó má dùn rárá, kò burú. Tí kò bá rí i sọ, ní kó bu omi fún ọ. Èyí tó bá lè ṣe nínú méjèèjì ti tó mi.

Nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ lo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Lónìí èmi ni mo dúró lẹ́yìn tìrẹ, tí mo fi ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni, ọmọ mi: ẹ má tíì fẹ́ra yín ná.

Kí orí rẹ má fi ọ́ fún ẹni tí yóò máa fi ẹnu lásán bọ́ ọ. Kí ẹni tí yóò gbé omi fún ọ má ṣìnà ilé rẹ. Wàá jẹun ọmọ, wàá sì rẹ́rìn-ín dọjọ́ alẹ́. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní fíríìjì yẹn ńkọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fi irọ́ dídùn tọ́ ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ láìsí irọ́ níbẹ̀.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ. Ó ní o sọ fún òun pé inú mi kò dùn sí òun, òun sì wá tọrọ àforíjì. Mo ní kí bàbá rẹ kà á fún mi, kí n má baà fi ìbínú dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́. Ó bẹ̀rẹ̀: “Ìyá mi, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ fi mí ṣe ilẹ̀ tí ẹ ó máa tẹ̀…” Ó dánu dúró kó lè nu awò ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo bá a parí rẹ̀: “…nítorí ilẹ̀ kì í bínú ẹsẹ̀.” Inú ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi àtijọ́ ló wà, èyí tó ní orúkọ mi àtijọ́ lára; kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì. Ọkùnrin kan ló sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó ta ilé mọ́ obìnrin náà lórí. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde tòun ti orúnkún rẹ̀, ó lọ wo ibi tí a kó ìwé ilé wa sí.