Àwọn Obìnrin Ẹ̀pẹ́ Kò Ní Ohun Kan Láti Sọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Iṣẹ́ ripọ́ọ̀tù ẹja bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ló máa lọ fún títẹ̀. Lékan ti bá àwọn atẹ̀wé ṣàdéhùn. Òun ló ni ilé iṣẹ́ ìwé wa — yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, ẹ̀yìn ọjà Beresford ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èmi tí mo jẹ́ olóòtú àti òun péré. Ọ̀gá Kọ́fí ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí kọ́fí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè ka Yorùbá tí mo fi ń kọ ìwé ìrántí yìí, ọpẹ́ ni.

Inú mi dùn lónìí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1894, ayé Ọbabìnrin Victoria, ìjọba rán òyìnbó kan lọ wo bí wọ́n ṣe ń pẹja lórí ọ̀sà, láti Èkó títí dé Ẹ̀pẹ́. Ó fọwọ́ kọ ọ́, ó lé ní igba ojú ewé. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ jáde rí. Dádì Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ jókòó tì í níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí ní Kew, ọdún gorí ọdún, títí tó fi dà á kọ tán. Ọ̀gbẹ́ni Ṣògo ni wọ́n ń pè é níta; àgbà ará Ẹ̀pẹ́ ni, kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Iṣẹ́ ẹja ló bá ìjọba ṣe ní Èkó kó tó wá síbí. Nígbà tí ẹ̀yìn mi kọ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, òun ló mú mi lọ bá Lékan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Mo tún ka ibi tí obìnrin Ẹ̀pẹ́ ti bá òyìnbó náà sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ Yorùbá ló ń dún létí mi:

"Ẹ̀ ń wọn àwọ̀n wa, ẹ ò bi wá léèrè ìdí tí ojú rẹ̀ fi fẹ̀ báyìí. Ó fẹ̀ kí ọmọ epìyà lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹ̀yin lẹ mú àwọ̀n olójú wẹ́ẹ́rẹ́ wá tà fún àwọn ọkọ wa. Bí ẹja ò bá bímọ lọ́dún yìí, kí lọmọ tiwa fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn?"

Ojú ewé méjì àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyókù ripọ́ọ̀tù náà gbẹ bí pańla. Lékan ti fi ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sẹ́yìn ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní láíbìrì Thamesmead fẹ́ kà á sókè lọ́jọ́ tí ìwé bá jáde.

Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Òjò. Múrítàlá ọkọ mi gbé èrò lọ sí Luton. Mo fọ aṣọ. Mi ò ka nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Àwọn fọ́tò tuntun tí wọ́n ya ojú ewé àfọwọ́kọ náà dé láti Kew. Torí àwòrán inú ìwé la ṣe ní kí wọ́n yà wọ́n. Ojú ewé obìnrin Ẹ̀pẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá — mo fẹ́ kó wà nínú àwòrán.

Mi ò rí i.

Mo rí èyí: "Mo bi àwọn obìnrin tó wà létí omi léèrè. Wọn kò ní ohun kan tó wúlò láti sọ." Ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ òjò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye ọkọ̀ ojú omi.

Bóyá ojú ewé kan ló fò.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Kò sí èyí tó fò. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tí Dádì Ẹ̀pẹ́ dà kọ pé pérépéré, títí kan ibi tí òyìnbó náà ti ṣi orúkọ Ìkòròdú kọ. Ibi kan ṣoṣo yẹn ni kò bára mu. Kì í ṣe àṣìkà. Ẹni tó dà á kọ ló fi í sí i.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Mi ò tíì sọ fún Lékan. Mo da ìdajì oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò. Múrítàlá bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní iṣẹ́ ni.

Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Mo wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sílé Dádì Ẹ̀pẹ́. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún Southmere — ilé kọnkéré àtijọ́ lápá kan, ilé tuntun lápá kejì. Títí ọmọ rẹ̀, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló po tíì fún mi.

Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kàn gbé fọ́tò náà sórí tábìlì. Ó wọ awò, ó wò ó, ó bọ́ awò.

"Ta lo ti fi hàn?"

Mo ní, "Kò tíì sẹ́nì kankan, Dádì."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní kò sí nínú ìwé ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ó ní kì í ṣe òun ló dá a sọ. Ìyá bàbá òun ló sọ ọ́ fún òun ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá tiẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, ìyá yẹn sì wà létí omi lọ́jọ́ tí òyìnbó náà dé. "Wọ́n sọ ọ́, Kàfí. Òun ni ò kọ ọ́. O ti ka ohun tó kọ sílẹ̀ nípa wọn. Ṣé ohun tó o fẹ́ kí n dà kọ nìyẹn?"

Mo ní ká fi orúkọ tiwọn sí i nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, kò dénú. "Bí Ṣògo bá sọ ọ́, àlọ́ ni. Bí òyìnbó bá kọ ọ́, ẹ̀rí ni. O ti pẹ́ ní ìlú yìí, ó yẹ kó o mọ̀."

 Mo ṣáà ní mi ò lè fọwọ́ sí i. Ó dìde, ó gbé ife tíì mi kúrò níwájú mi. Mi ò tíì mu ún tán.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí — ọ̀rọ̀ tó sọ, òótọ́ ni. Ohun tó ṣe, kò dáa.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Lékan. Ó gbé ife kọ́fí rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló máa lọ sí Kew lọ yẹ̀ ẹ́ wò?" Mo ní èmi nìyí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. 

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Títí pè mí. Dádì ò jẹun dáadáa, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀. "Àǹtí Kàfí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti dàgbà. Ìwé yìí nìkan ló kù tó ń retí." Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́?

Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Mo rí Dádì Ẹ̀pẹ́ ní ilé ìtajà ńlá ní Thamesmead. Òun náà rí mi. Mo ti ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ padà, ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ ajá sí. Kò lájá.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Ẹ̀rù ti wá ń ba Lékan pé ẹnì kan máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ó ti yọ ojú ewé méjì àbọ̀ náà pátá, ó ti dá ìlà òyìnbó padà síbẹ̀, ó ti pààrọ̀ ẹ̀yìn ìwé, ó ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà níbẹ̀ rí. Mo wo ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà. *Wọn kò ní ohun kan tó wúlò láti sọ.* Ó kù òun nìkan. Èmi ni mo fà á.

Mo bá Lékan jà. Mo ní kí ìlà òyìnbó dúró bó ṣe kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ obìnrin náà tẹ̀ lé e ní tirẹ̀, ká kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ. Ó gbà nígbẹ̀yìn. Àmọ́ bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Láìsí ìyẹn, kò wọlé.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí bàbá. 

Àbámẹ́ta, 1 Mááṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un. Mi ò mọ ohun tí mo ń tọrọ gan-an.

Ìṣẹ́gun, 4 Mááṣì

Títí mú èsì wá. Dádì ò ní fọwọ́ sí i; ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára ìwé. Bí ìyá òun àgbà ò bá sí nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, kí lòun fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ìyẹn ni pé orúkọ tèmi, olóòtú, nìkan ló máa kù. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ẹlòmíràn. Mo ní kí Títí bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, èmi náà ń bínú sí yín."

Ọjọ́bọ̀, 6 Mááṣì

Títí pè lọ́sàn-án. Dádì ní kí n wá, pé òun ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá òun àgbà sọ nù.

Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ — Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Ó kà á fún mi, kò sáré:

"Èmi, Ṣògo, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá bàbá mi, Ẹfúnyẹmí ará Ẹ̀pẹ́. Òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, tó wà létí omi lọ́jọ́ tí òyìnbó náà dé. Òyìnbó náà kò kọ ọ́. Mo fi í sínú ìwé rẹ̀ láìgbàṣẹ, mo sì ti yọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó fọwọ́ sí i.  Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí àga, ó ní, "Ẹ jókòó."

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹlòmíràn ló wọlé lẹ́yìn mi.

Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dádì, èmi Kàfí ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ẹ." Adágún ló ń wò. Ó ti ìwé náà sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ sì ń gbààwẹ̀."

Mo ya ìwé náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí Lékan láti inú bọ́ọ̀sì. Ó ní ó ti wọlé, orúkọ bàbá náà ti padà síbẹ̀, ọ̀la ló ń lọ fún títẹ̀. Ìwé pé.

Mo dé Beresford kí n tó rántí pé mi ò tíì ṣínu. Mo ra omi lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́, mo gbé e sẹ́nu lórí ìdúró. "Ẹ máa lọ" bàbá ló ń dún létí mi, mo dé ìgò náà padà.