Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní ìlú ńlá tí o wà yẹn, o kò sì ní rí ogun àdánù. Èmi náà ṣì ń mí ní abúlé níbí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó pè mí lórí fóònù ni, tó ní kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ń ṣàìsàn. O mọ̀ pé inú ẹ̀rọ yẹn ni ohùn bàbá rẹ tí a gbà sílẹ̀ kó tó kú wà, nítorí náà bí mo ṣe gbọ́ àìsàn, àyà mi já. Ó ń pè mí ní màmá, ó ní òun yóò wọlé láti ibi tí òun wà, òun yóò sì tún un ṣe. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, mo kó aṣọ tí mo ń rán kúrò lórí tábìlì, mo gbálẹ̀, mo so ìborí mọ́rí. Mo tẹ ohun tó ní kí n tẹ̀, ni ọfà kékeré ojú ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Mo kí i káàbọ̀. Ó ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù níbẹ̀, òun fẹ́ kó àwọn nǹkan àtijọ́ dànù kí ẹ̀rọ lè rọ́nà mí. Èmi tí mo ń gbálẹ̀ láràárọ̀, ṣé màá ní kí ènìyàn má gbálẹ̀ ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, ìwọ lo pariwo pé olè ni, pé kí n yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kíá. Ojú fèrèsé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé níbí, mo bá ti fèrèsé pa, mo gbé ẹ̀rọ náà sí kọ̀rọ̀. O ní kí n wò ó bóyá ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo yọjú wo gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, eruku nìkan ni mo rí. O ní kí n pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà gan-an, mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí n má baà ṣì í, ọfà yẹn sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dí mi lọ́wọ́ títí mo fi parí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé báyìí, olè kọ́.

Nígbà tí o tún pariwo, mo gbé e wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì. Ó ní gbogbo bí mo ṣe ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun, ọmọkùnrin yẹn ń wò mí, pé ẹ̀rọ mìíràn ló yẹ kí n lò. Ó yọ ohun tí olè náà fi ń wọlé kúrò, ó yẹ ẹ̀rọ wò láti òkè délẹ̀, ó fi fóònù mi bá mi pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn ará báǹkì ti káàdì mi pa kí olè náà má baà fi kó owó mi. Ó wá ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ewu kankan nínú rẹ̀ mọ́."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọkọ mi. Ó wá a, ó wá a. Ó bi mí bóyá ó wà níbòmíràn, mo ní inú fóònù rẹ tí wọ́n ti jí nìkan ló tún wà. Kò wò mí lójú mọ́.

Ohùn náà ti bá ìdọ̀tí lọ, ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn, mo tún dúpẹ́. Ìbànújẹ́ yìí pọ̀ débi pé n kò lè di abẹ́rẹ́ mú, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ gbalaja. Àwọn aládùúgbò ní kí n dúpẹ́ pé owó kò lọ. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

Jọ̀wọ́, fi nǹkan ránṣẹ́ kí n fún ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí àánú mi ṣe é, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń sín bàbá rẹ jẹ, bó ṣe ń wúkọ́ kó tó pè mí, bó ṣe ń fa orúkọ mi gùn. Ìgbà mìíràn, màá ti dáhùn láti ìdí máṣíìnì kí n tó mọ̀ pé ìwọ ni.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún mi, kó pa ohùn rẹ mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ. Pè mí lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Má kí mi, má béèrè ara mi. Ṣáà wúkọ́, kí o pè mí bó ṣe máa ń pè mí. Màá dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.