Ẹ̀rọ Tó Ń Júwe Ọ̀nà fún Bàbá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá mi,

Mo kí yín tìyàwó-tọmọ. Ẹsẹ̀ Màámi ti ń san. Bàbá ṣì ń fi Yorùbá òkèèrè mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ gbà mí o! Bàbá ti ń gbàgbé ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà nínú ọkọ̀ akẹ́rù wọn ló ń bo àṣírí wọn. Lánàá, ẹ̀rọ náà kú lójijì níwájú ilé wa. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀." Wọ́n ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ ò tíì sọ pé a ti dé."

Ọ̀la ni wọ́n tún ń gbẹ́rù jáde. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí, kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Màámi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n ṣì dá ohùn yín mọ̀.

Èmi ọmọ yín.