Fóltì méjì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé

Ọjọ́rú, Ikpinlè

Ẹyin awó mẹ́rìnlá, gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀sìn Bàbá olóògbé, ti sè mọ́ inú àpótí oníná tí mo ṣe láti fi sàba lé wọn.

Èmi ni mo ṣi ìwé àlàyé ẹ̀rọ kà. Mọsifẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kékeré kan bíi súìṣì, ló ń tan iná àpótí náà, òun ló ń pa á. Mo rí fóltì méjì nínú ìwé rẹ̀, káàdì kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀ sì ń fún un ní mẹ́ta. Mo ní ó tó. Àṣé méjì kàn ń ṣí i díẹ̀ ni, mẹ́wàá ló ń ṣí i tán. Ó gbóná títí ó fi jóná, iná kò sì kú mọ́. Irú mọsifẹ́ẹ̀tì tí fóltì mẹ́ta tó láti ṣí tán wà. N kò wá a.

“Adìẹ mi ń sàba lọ́wọ́,” ni Màmá ti wí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kó ẹyin náà sínú àpótí.

“Adìẹ lè dìde, Màmá. Àpótí kò ní dìde.”

Lónìí, Màmá bó ẹyin kan, wọ́n rí ìyẹ́, wọ́n sì rọra fi èèpo bò ó padà.