Ìdánwò Kẹtàdínláàádọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 1997
Mo to gbogbo ìdánwò sínú fódà lónìí: ti káàdì aláìsàn lọ́tọ̀, ti oògùn lọ́tọ̀. Igba ó lé méjìlá. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà sì ń fúnra rẹ̀ dán ètò tí a ń ṣe fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgándò wò. Pírińtà ń tẹ èsì jáde: YEGE, YEGE. Mo jẹ ẹ̀bà mi tán kó tó parí. NEPA bá wa ṣe é ṣá.

Ọjọ́rú, 4
Mo ka èsì dópin lónìí: ìkẹtàdínláàádọ́ta kùnà. Èmi ni mo kọ ọ́, nítorí àwọn ìbejì ilé kejì wa l'Ẹ́gbẹ̀dá. Ọmọ méjì: orúkọ bàbá kan, ìyá kan, ọjọ́ ìbí kan. Káàdì méjì ló yẹ kó jáde. Ẹyọ kan ni. Èyí tó wọlé kẹ́yìn pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Báyọ̀dé tó kọ ètò náà, tó sọ mí ní WAEC nítorí ìdánwò, rẹ́rìn-ín: "WAEC, ṣé gbogbo ayé ló ń bí ìbejì ni?" Àbí kò mọ ilẹ̀ tó ń gbé ni?

Ọjọ́bọ̀, 5
Ọ̀gá Olúdayọ̀ — Kíá-Kíá ni mo ń pè é lẹ́yìn — wo bébà, ó fọwọ́ pa orí. Ọ̀la la máa gbé ètò fún wọn. "Yẹ́misí, gbé ẹyọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, jàre. A óò tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo ṣí fódà tuntun, mo pè é ní ÌGBÀ MÍÌ. Mo gbé e síbẹ̀. Igba ó lé mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ yege. Mo buwọ́ lùwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ìgándò. Èéfín ààtàn ń wọlé lójú fèrèsé. Mo kọ́ Nọ́ọ̀sì Agnes bí wọ́n ṣe ń tẹ káàdì. Ìka kan ló ń lò, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Àbúrò mi, tí mo bá ṣì í tẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ẹ̀rọ yóò kìlọ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti kọjá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbejì. Èmi náà ò dárúkọ wọn.

Ọjọ́rú, 18
Fóònù láti Ìgándò. Táíwò, ọmọ ọdún mẹ́ta, láti Ìkòtún. Pẹnisílìnì kò bá a lára mu. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́, Agnes tẹ̀ ẹ́ sínú káàdì. Lẹ́yìn náà ló tẹ ti Kẹ́hìndé. Nígbà tí dókítà ṣí káàdì, ìkìlọ̀ ti lọ. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́.
A kì í dárúkọ ikú tààrà tó bá jẹ́ ìbejì. Ẹni tó wà lórí fóònù sọ ọ́ tààrà.

Ọjọ́bọ̀, 19
Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Wọ́n ti ní kí Agnes máa lọ sílé. Wọ́n ní kò tẹ ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bébà ìdánwò wa. Mo sọ fún Kíá-Kíá pé ohun tí ìdánwò ìbejì ọjọ́ yẹn fi hàn wá gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. "Bébà ò purọ́. Igba ó lé mọ́kànlá, gbogbo ẹ̀ yege. Ta ló buwọ́ lù ú?" Mo ní èmi ni, sà. "Ó dáa. Panu mọ́." Báyọ̀dé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ — gíláàsì tó ti mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 23
Mo lọ Ìgándò láì tọrọ ààyè, dísìkì ìdánwò nínú báàgì mi. Mo dá ìkẹtàdínláàádọ́ta padà sáàyè rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ níwájú dókítà àgbà. KÙNÀ. Mo ní èmi ni mo gbé e pamọ́. Antí Agnes ò ṣẹ̀. Agnes ò wò mí.
Dókítà ní, ìbejì mélòó ló ti wọ inú ẹ̀rọ yìí? Mo ní ẹ̀rọ ò lè sọ ọ́, sà — ó ti sọ ẹni méjì-méjì di ẹyọ kan.
Agnes bá fa ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì yọ. Ó ń kà, mo ń fàlà. Ìdílé oníbejì mẹ́fà. Ìkeje: ọmọ wọn kan wà ní wọ́ọ̀dù báyìí. Agnes sáré, mo sáré tẹ̀lé e. Káàdì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fa omi sí ọmọ lára. Ìyá rẹ̀ ń sùn lórí ẹní nílẹ̀. Agnes fọwọ́ kàn án léjìká.
"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èwo nínú wọn rèé?"