Fáànù Tó Ń Fẹ́ Nígbà Tí Kò Sẹ́nìkan Níbẹ̀

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó máa jáde ire, ẹ ó máa wọlé ire. Ara mi le, ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, tí kì í dùn ún bó bá fẹ́ jẹun. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó o rà fún mi ló kù, inú sì ń bí mi débi pé bírò yìí ti dá ìwé lu lẹ́ẹ̀mejì.

O mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ni àbúrò mi, Bàbá Kékeré yín, fi ń pín búrẹ́dì mi kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń tún afárá ṣe, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gba ojú ọ̀nà, ọkọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di ìkòkò orí iná. Bó bá ti dúró sáàárín àwọn ọkọ̀ yòókù báyìí, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú rẹ̀, àmì pupa kan á sì tàn níwájú awakọ̀, ó rí bí ọ̀pá tí nọ́ọ̀sì máa ń kì bọ abíyá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Mo pè ọ́, o ní kí n tan fídíò kí o lè rí i. Mo gbé fóònù lé orí ẹ́ńjìnnì kí o lè mọ bó ṣe gbóná tó, ẹ̀rín lo bú sí. Kò pẹ́, fóònù náà kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti gbóná jù, ó sì kú. Ẹ̀rín kọ́ ló yẹ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó o sọ ni pé kí a máa bu omi sí i. Ṣé òdòdó ni?

A ń bu omi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Bàbá Kékeré ṣí ìdérí radíétọ̀, ibi tí omi ọkọ̀ ń gbé, nígbà tó ṣì ń hó, omi gbígbóná tú sí i lọ́wọ́, ó bó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ogójì búrẹ́dì kò dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló gba ẹnu mi jáde. Mo ní eré àsápajúdé ló ń fi ọkọ̀ mi sá, mo ní ẹni tí kò fowó ra nǹkan kì í mọ iye rẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì tí mo ti ń po ìyẹ̀fun, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹjọ rèé, kò yọjú sílé mi. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé.

Mẹkáníìkì wá, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Tú-u-palẹ̀, torí pé bí táyà lásán ló jò, ẹ́ńjìnnì ni yóò tú. Ó gbé etí lé ọkọ̀, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ òkú, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ti jó, àfi kí òun tú orí náà. Mo ṣírò iye tó dá lé e, àpò ìyẹ̀fun mọ́kànlá ni. Mo ní kó gbé etí rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ mi.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń yan búrẹ́dì fún ọdún mọ́kàndínlógún mọ ìwà ooru. Mo mú bàbá rẹ tòun torúnkún rẹ̀, ó wa ọkọ̀, mo jókòó tì í. Bí ọ̀nà bá já geere, àmì pupa kò tàn. Bí a bá ti dúró lẹ́bàá afárá, ìṣẹ́jú méje, ó tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó máa ń dá ara rẹ̀ padà nígbà tí ọ̀nà bá là ni? Atẹ́gùn ni ọkọ̀ yìí ń wá. Bó bá ń rìn, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń fẹ́ ẹ. Bó bá dúró ńkọ́, ta ló yẹ kó fẹ́ ẹ?

Mo pe rẹwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nàka sí fáànù tó wà lẹ́yìn radíétọ̀. Wáyà rẹ̀ ti yọ. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé ẹnu wáyà náà, wọ́n so ó ní kókó méjì, wọ́n sì ki ìdí rẹ̀ padà sínú. Ó ní ta ló ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Mo wo kókó náà títí. Kò sẹ́lòmíràn tó ń so ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Bí mo ṣe ń so ẹnu ọ̀rá búrẹ́dì nìyẹn, kí èèrà má bàa wọ̀ ọ́. Mo sọ fún rẹwáyà pé n kò mọ̀.

Ìwọ ni mo ń sọ fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá Kékeré pa ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó wọlé mu omi. Mo gbọ́ tí nǹkan ń fẹ́ fùùù. Àṣé fáànù ni! Ọkọ̀ ti kú, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, fáànù ń jẹ bátìrì mi. O sì mọ̀ pé nínú ilé yìí, ẹni bá fi fáànù sílẹ̀ kó máa fẹ́ àga lásán, èmi àti ẹ̀ ni. Ni mo bá fà á yọ, mo so ẹnu rẹ̀ kí iná má bàa gbé ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ọ̀nà ṣì là, ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí afárá bàjẹ́ ló tó gbẹ̀san, ọwọ́ àbúrò mi ló sì ti gbà á.

Rẹwáyà so wáyà náà padà, ó ní ó yẹ kí fáànù fẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kú, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? O ra ọkọ̀ fún ìyá rẹ, o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan rédíò rẹ̀, o kò sọ pé fáànù rẹ̀ kì í sinmi nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sinmi! Ta ló tilẹ̀ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Onítọ̀hún kò san owó iná rí.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Ti ìdérí radíétọ̀ tuntun, ti rẹwáyà, tí kò tó ìdajì àpò ìyẹ̀fun, kí Tú-u-palẹ̀ gbọ́, àti ti oògùn ọwọ́ Bàbá Kékeré. Má gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ, ìwọ lo rẹ́rìn-ín. Kí o sì pe Bàbá Kékeré lórí fóònù. N kò rán ọ ní ẹ̀bẹ̀ o. Ṣáà sọ fún un pé ọkọ̀ ti dára. Bó bá béèrè ohun tó ṣe é, ní kó mú búrẹ́dì tí mo fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yìí, kó wo ẹnu ọ̀rá rẹ̀ dáadáa kó tó tú u. Yóò yé e.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Bó bá tilẹ̀ dí, wàá rí ẹni tí yóò fún ọ ní atẹ́gùn. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, wọn yóò sì ṣàlàyé nǹkan fún ọ kí wọ́n tó gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Rẹwáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ dán wò tán, ó pa á, ó lọ. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, fáànù ń fẹ́ níta, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì tún ti jókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.